Àwo Tí Tíṣà Kò Gbọ́ Rí

Ní ọjọ́ Ajé kan nínú oṣù kẹfà ọdún 1959, wọ́n na ẹgba méjìlá sí mi lára níwájú gbogbo ọmọ ilé ìwé wa ní Ìkọ̀tún, wọ́n sì ní kí n máa lọ sílé. Mi ò padà síbẹ̀ mọ́. Ìwé karùn-ún ni ìwé mi parí sí.

Ọ̀rọ̀ àwo ni. Obìnrin ará Amẹ́ríkà kan tó ń bẹ àwọn ilé ìwé wò wá sọ́dọ̀ wa ní ọjọ́ Ẹtì, ó sì fún Tíṣà Ọláyíwọlá ní àwo giramofóònù kan. Orin ọkùnrin dúdú kan ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Horace Pell ló wà nínú rẹ̀, irú orin tí wọ́n ń pè ní kíláásíkà, tí wọ́n máa kọ sórí ìwé kí ogójì èèyàn tó jókòó ti gòjé òyìnbó àti fèrè láti kọ ọ́ jáde. Inú Tíṣà dùn débi pé kò lè jẹun ọ̀sán. Ó ní kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ọ títí di ọjọ́ Ajé, kí gbogbo wa lè jọ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó gbé e sínú yàrá ìwé.

Lọ́jọ́ Ajé, àwo ti lọ.

Ọmọkùnrin mẹ́ta ni Tíṣà yàn láti máa yí ọwọ́ giramofóònù: èmi Àmúsà, Gbóyèga ọ̀rẹ́ mi, àti Festus Oyèníran. Wọ́n tú àpò wa lójú gbogbo kíláàsì. Inú tèmi ni wọ́n ti bá agolo abẹ́rẹ́ giramofóònù tó bá àwo náà sọnù. Mi ò mọ bó ṣe débẹ̀. Mo ń fi Kùránì búra, àwọn ọmọ ń rẹ́rìn-ín, ni Festus bá nawọ́ sókè. Ó ní, "Sà, mo rí Àmúsà tó ń jáde nínú yàrá ìwé lọ́jọ́ Ẹtì."

Òótọ́ ni pé mo jáde níbẹ̀. Ìgbálẹ̀ ni mo lọ dá padà. Ta ló fẹ́ gbọ́ ìyẹn?

Bàbá mi fi mí síṣẹ́ lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń tún rédíò ṣe ní Agége. Gbóyèga ló bá mi ru àpótí dé ìdí ọkọ̀. Ó fún mi ní àkàrà mẹ́fà, ó sunkún jù mí lọ. Festus kò wá. Láti ọjọ́ náà mi ò bá Festus Oyèníran sọ̀rọ̀ gidi kan, bẹ́ẹ̀ Ẹ̀gbẹ́dá kan náà la jọ ń gbé nígbà tí a dàgbà. Lọ́dún 1986 ó gbé ṣéńjà rẹ̀, ẹ̀rọ tó fi ń gbọ́ àwo, wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní ibùdókọ̀ Pleasure. Ọwọ́ kékeré tí wọ́n fi ń yí eré rẹ̀ padà ti há. Mo ní kó gbé e kúrò lójú mi. Ó gbá a mọ́ àyà bí ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá, ó lọ. Inú mi dùn fún odidi ọ̀sẹ̀ kan.

Òun náà ló tún dúró lẹ́nu ọ̀nà mi ní ọjọ́ Ẹtì kan lọ́dún 1992.

"Àmúsà."

"Mo ti tilẹ̀kùn."

"Ilẹ̀kùn rẹ ṣí sílẹ̀ gbayawu."

"Mo tì í fún ìwọ."

Kò lọ. "Wọ́n ní Fọlákẹ́ jalè. Ọmọ mi. Wọ́n ní ó jí àwo Tíṣà Ọláyíwọlá."

Sukudíráfà bọ́ lọ́wọ́ mi. "Tíṣà wa?"

"Tíṣà wa. Àwo mẹ́rin ni ọmọ rẹ̀ fi ránṣẹ́ sí i láti Amẹ́ríkà. Wọ́n sọnù nínú kọ́bọ́ọ̀dù lánàá. Kọ́kọ́rọ́ méjì ló wà, ọ̀kan lọ́wọ́ Tíṣà, ọ̀kan lọ́wọ́ Fọlákẹ́ tó ń bá a nu àwo. Láàárọ̀ yìí, wọ́n bá mẹ́ta nínú wọn lẹ́yìn ilé mi, nídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n fi bébà wé e."

"Ìkẹrin ńkọ́?"

"Wọn ò rí i." Ó wọlé síwájú díẹ̀. "Tíṣà kọ lẹ́tà fún Fọlákẹ́. Ilé ẹ̀kọ́ orin kan lókè òkun máa gbà á, ọ̀rọ̀ Tíṣà nìkan ni wọ́n ń dúró dè. Ẹni tó máa mú lẹ́tà náà lọ ń wọkọ̀ òfuurufú lọ́jọ́ Ajé. Tíṣà ní bó bá di ọjọ́ Àìkú tí kò rí olè, òun á fa lẹ́tà náà ya. Sájẹ́ńtì ọlọ́pàá sì ní òun á wá mú Fọlákẹ́."

"Kí ló wá kàn mí?"

"Gbogbo Ẹ̀gbẹ́dá ló mọ̀ pé ìwọ lo rí ẹni tó jí ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́ṣáláṣí. O rí ọmọ tí wọ́n gbé ní Ìgándò kí ọlọ́pàá tó wọ bàtà tán."

Mo mú sukudíráfà nílẹ̀. Ara mi ti ń gbóná. "Màá bá ọ wá a. Ṣùgbọ́n bí mo bá rí i, wàá dúró níwájú Tíṣà, wàá sọ ọ́ sókè pé ìwọ lo fi agolo abẹ́rẹ́ sínú àpò mi."

"Mi ò fi nǹkan kan sínú àpò rẹ. Ohun tí mo rí ni mo sọ."

"Máa lọ, jàre."

Ohun tó ṣe lẹ́yìn náà, ó yà mí lẹ́nu débi pé mo gbàgbé láti bú u. Festus Oyèníran, akọ̀wé àgbà ní iléeṣẹ́ ìjọba, ẹgbẹ́ mi, dọ̀bálẹ̀ gbalaja pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun lórí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mi tí epo gíríìsì ti bà jẹ́. Obìnrin tó wá gba rédíò rẹ̀ ké "Yéè!"

"Dìde," mo ní. "Dìde, o ń dójú tì mí."

* * *

Ilé Tíṣà kò jìnnà sí ọ̀nà Ìdímù. Gbogbo ọjọ́ Àìkú, láago mẹ́rin, làwọn tó fẹ́ràn irú orin yẹn máa ń pé sí pálọ̀ rẹ̀. Òfin rẹ̀ kò yí padà láti ilé ìwé: àwo tuntun kì í dún kó tó di ọjọ́ Àìkú, kí gbogbo èèyàn tó pé.

Mo bá a lórí àga rẹ̀. Ó ti darúgbó, etí òsì rẹ̀ sì ti di pátápátá. Gbóyèga jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Gbóyèga ni ọ̀gá akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì tó dojú kọ ṣọ́ọ̀bù mi. Sájẹ́ńtì Táyéwò dúró sídìí fèrèsé, ó ń kọ nǹkan sínú ìwé kékeré kan.

"Alájì tí kò dé Mẹ́kà!" Gbóyèga dìde, ó gbá mi mọ́ra. "Ìwọ náà gbọ́? Ayé yìí ṣá."

"Ta ni?" Tíṣà béèrè.

Mo lọ sí apá ọ̀tún rẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀. "Àmúsà ni, sà."

Ó wò mí pẹ́. "Àmúsà."

Sájẹ́ńtì ní, "Bàbá, ẹ má da ara yín láàmú. Ọmọ yẹn ló ní kọ́kọ́rọ́, ẹ̀yìnkùlé bàbá rẹ̀ la ti bá ẹrù. Kí ló kù?"

"Àwo kan ló kù," mo ní. "Tíṣà, àwọn wo lẹ rí gbà padà?"

Ó fi ìwé tí ọmọ rẹ̀ kọ hàn mí. Ọmọ náà ń ta gòjé nínú ẹgbẹ́ olórin kan lọ́hùn-ún, àwọn ló sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gba orin àwọn ará Amẹ́ríkà mẹ́rin sílẹ̀ sínú àwo. Tíṣà fi ìka tọ́ ọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. "Èyí wà. Èyí wà. Èyí náà wà." Ìka rẹ̀ dúró. "Èyí ni kò sí."

Mo ka orúkọ náà. Horace Pell.

Mo jókòó láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kí n jókòó. "Tíṣà. Àwo 1959?"

"Orin kan náà," ó ní. "Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi wá a. Mo kọ̀wé sí Lọ́ńdọ̀n, mo kọ̀wé sí Nìú Yọ́ọ̀kì. Wọ́n ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n tẹ̀ ẹ́, kò sì tà. Ẹgbẹ́ olórin ọmọ mi ló ṣẹ̀ṣẹ̀ tún un kọ lọ́dún yìí. Àmúsà, mi ò tíì gbọ́ ọ rí. Mo fẹ́ gbọ́ ọ kí n tó kú."

Gbóyèga nu ojú rẹ̀.

"Ta ló wá síbí lánàá?" mo béèrè.

"Fọlákẹ́ láago mẹ́wàá. Ọkùnrin NEPA tó wá ka mítà. Gbóyèga wá bá mi yẹ dùùrù wò lọ́sàn-án, mo tilẹ̀ sùn lọ bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́."

"Ọkùnrin NEPA!" Sájẹ́ńtì yí ìwé rẹ̀ sójú ewé mìíràn.

Mo wo kọ́bọ́ọ̀dù náà. Àgádágodo kékeré kan ló wà lára rẹ̀, kò sẹ́ni tó já a.

"Àgádágodo tó dáa ni," mo ní.

"Gbóyèga ló bá mi rà á ní Ìyànà Ìpájà," Tíṣà ní, "nígbà tó lọ ra ti kọ́bọ́ọ̀dù akọrin. Ọmọ gidi ni."

* * *

Lówùúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta mo lọ sábẹ́ afárá ní Ìyànà Ìpájà, níbi tí wọ́n ti ń ta àwo àlòkù. Bó bá ṣe pé ọkùnrin NEPA ló jí i, ibẹ̀ ni ìbá gbé e wá. Mo bi àwọn mẹ́rin tó ń tà á.

Ẹni tó dàgbà jù nínú wọn fi mí ṣẹ̀fẹ̀. "Orin Amẹ́ríkà tí kò nílù, tí kò ní ijó? Bàbá, bí wọ́n bá fún mi lọ́fẹ̀ẹ́, màá fi bo ìkòkò omi."

Nítorí náà, olè yìí kò fẹ́ tà. Mo rin láti ibẹ̀ dé Pleasure, mo ń rò ó. Ẹni tó bá fẹ́ kó ẹ̀sùn bá ọmọ kan, àwo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ìbá jù sẹ́yìn ilé bàbá rẹ̀. Kí ló dé tí kò lè fi ìkẹrin sílẹ̀? Ẹni tó sì fẹ́ràn orin náà, kí ló dé tí kò dúró gbọ́ ọ lọ́jọ́ Àìkú? Gbígbọ́ ọ kò ní í ná an ní nǹkan kan. Láago mẹ́rin, gbogbo èèyàn ni yóò gbọ́ ọ.

Mo dúró lójú ọ̀nà. Ọlọ́kadà kan bú mi.

Bóyá ohun tí olè ń sá fún gan-an nìyẹn. Kí gbogbo èèyàn má baà gbọ́ ọ.

Mi ò tíì mọ ìdí. Mo ní kí Fọlákẹ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ó wá pẹ̀lú bàbá rẹ̀. Ọmọ tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ojú rẹ̀ ti wú.

"Ṣé o gbé àwo kankan jáde nínú ilé yẹn?"

"Rárá, sà."

"Wò mí lójú."

Ó wo ilẹ̀.

"Fọlákẹ́, wọ́n ti na èmi náà rí lórí ohun tí mi ò ṣe. Ohun tó pa mí ni pé mi ò yára sọ ohun tí mo ṣe. Mo gbé ìgbálẹ̀ wọ yàrá ìwé, mi ò sọ ọ́ títí ẹlòmíì fi bá mi sọ ọ́. Kí ni ìgbálẹ̀ tìrẹ?"

Festus gbójú sókè wò mí. Mi ò wò ó.

Ọmọ náà bú sẹ́kún. "Ẹ dákun, Bàbá. Mo gbé ọ̀kan jáde lọ́jọ́rú. Ti Pell yẹn. Mo fẹ́ kọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀ kí n lè tẹ̀ ẹ́ fún Tíṣà lórí dùùrù lọ́jọ́ Àìkú. Mo gbé e délé, mo gbà á sínú kásẹ́ẹ̀tì, mo sì dá a padà láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Mo fi orúkọ Jésù búra pé mo dá a padà."

Ìró ọwọ́ tí Festus fi gbá orí ara rẹ̀ dé ìta. "Fọlákẹ́! O rú òfin Tíṣà!"

"Kásẹ́ẹ̀tì náà dà?" mo béèrè.

Ó wà nínú báàgì rẹ̀. "Ṣùgbọ́n mi ò lè kọ́ ọ, sà. Ó yára jù. Ìka kankan kò lè bá a. Mo ní àbí bí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe máa ń sáré náà nìyẹn."

* * *

Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo fi kásẹ́ẹ̀tì náà sínú ẹ̀rọ mi.

Ohun tó jáde dà bí eku tó ń sáré lórí páànù. Gòjé ń han, fèrè ń ké bí ẹyẹ. Mi ò mọ orin kíláásíkà dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ni mo mọ̀. Mo jókòó tì í títí ó fi dé ibì kan tí orin rọlẹ̀. Inú gbọ̀ngàn tó kún fún èèyàn ni wọ́n ti gbà á sílẹ̀. Ẹnì kan wúkọ́. Ikọ́ náà kéré, ó tín-ín-rín, bí ikọ́ ọmọ ọwọ́.

Ta ló gbé ọmọ ọwọ́ lọ sí irú ibẹ̀?

Mo dá a padà, mo tún gbọ́ ọ. Kì í ṣe ikọ́ ọmọ. Ikọ́ àgbàlagbà ni, àmọ́ wọ́n fi eré lé e.

Nígbà náà ni mo rántí ṣéńjà tí mo lé jáde lọ́dún 1986. Ọwọ́ tí wọ́n fi ń yí eré rẹ̀ ti há sórí eré àwo kékeré, tó yára ju ti àwo ńlá lọ. Ọdún mẹ́fà ni ẹni tó ni ín ti ń fi gbọ́ àwo kékeré nìkan, nítorí èmi ni atúnrédíò-ṣe tó sún mọ́ ọn jù, mo sì ti lé e. Ọmọ rẹ̀ gbé àwo ńlá sórí rẹ̀, ó sáré bí ẹṣin tí oyin ta. Bí mo bá ti fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá tún ọwọ́ yẹn ṣe lọ́jọ́ náà, ọmọ yìí ìbá ti mọ ohun tó ń gbọ́. Ìbá ti sọ ọ́ fún gbogbo ayé.

Ihò kékeré kan wà lẹ́yìn mọ́tò ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì, sukúrù kan sì wà nínú rẹ̀. Bí o bá yí i sí apá òsì, kásẹ́ẹ̀tì á máa falẹ̀. Mo yí i. Eku di ẹyẹ. Mo yí i sí i, mo fi wáyà díẹ̀ kún un. Ẹyẹ di gòjé. Ikọ́ ọmọ ọwọ́ di ikọ́ bàbá arúgbó.

Orin náà sì rọra jókòó sójú àyè rẹ̀.

Mo dìde. Àga mi ṣubú.

Mo mọ orin náà. Èmi Mùsùlùmí tí mi ò wọ ṣọ́ọ̀ṣì rí, mo mọ̀ ọ́n látòkè délẹ̀. Gbogbo ìkórè, láti ọdún 1970, ni ẹ̀rọ gbohùngbohùn ṣọ́ọ̀ṣì òdìkejì ti ń gbé e wọ ṣọ́ọ̀bù mi. "Ẹ Ṣílẹ̀kùn Fún Un" ni wọ́n ń pè é. Àwọn ṣọ́ọ̀ṣì tó wà ní Ìbàdàn pàápàá ń kọ ọ́. Wọ́n kọ ọ́ sára ògiri ìta ṣọ́ọ̀ṣì òdìkejì náà, pẹ̀lú àwòrán ẹni tó ni ín, pé àtinúdá rẹ̀ ni.

Mo gbé àga dìde, mo jókòó sórí rẹ̀, mo sì ka ọ̀rọ̀ náà lórí ìka bí ọmọ ìwé kìíní. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n tẹ orin yìí ṣáájú ọdún yìí. Ẹyọ kan ṣoṣo ló dé Ìkọ̀tún. Tíṣà kò gbọ́ ọ. Kò sí ọmọ kíláàsì tó gbọ́ ọ. Nítorí náà, ẹni tó mọ orin yìí ni ẹni tó gbé àwo lọ lọ́dún 1959.

Ẹni náà ló fún mi ní àkàrà mẹ́fà. Òun ló sọ Sìdíkátù ọmọ mi lórúkọ pẹ̀lú mi. Òun ló máa ń sọ fún mi, bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í bú Festus, pé, "Àmúsà, fi sílẹ̀ fún Ọlọ́run."

Oòrùn kò tíì wọ̀ nígbà tí mo kan ilẹ̀kùn Festus Oyèníran. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣí i. A wo ara wa.

"Ṣéńjà yẹn dà?" mo ní.

"Ṣéńjà wo?"

"Èyí tó há."

Kò yé e. Ó lọ gbé e wá. Mo gbé e rù, mo fẹsẹ̀ rìn dé Pleasure pẹ̀lú rẹ̀ lórí.

* * *

Lọ́jọ́ Àìkú, láago mẹ́rin, èèyàn bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló wà ní pálọ̀ Tíṣà. Ìdajì wọn jẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì. Festus àti Fọlákẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò sẹ́ni tó fún wọn lága. Lẹ́tà náà wà lórí orókún Tíṣà. Sájẹ́ńtì Táyéwò wà nínú agbádá, ó ń fi ojú ṣọ́ mi.

Mo gbé ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì mi kalẹ̀. NEPA ti mú iná lọ.

"Bátìrì ni màá lò," mo ní. "Ìdérí rẹ̀ há. Gbóyèga, yá mi ní kọ́kọ́rọ́ rẹ kí n fi ṣí i."

"Atúnrédíò-ṣe tí kò ní irinṣẹ́," ó ní. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ó ju ìdì kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sí mi.

Mo ṣí ìdérí náà. Mi ò dá kọ́kọ́rọ́ padà. Mo tẹ kásẹ́ẹ̀tì bó ṣe wà lọ́wọ́ Fọlákẹ́ gan-an. Eku bẹ̀rẹ̀ sí í sáré.

Mo ń wo Gbóyèga. Ara rẹ̀ ti kọ́kọ́ le, àmọ́ nígbà tó gbọ́ ariwo yẹn, èjìká rẹ̀ rọ̀. "Kí lèyí? Ìyàwó eku ló ń bímọ?"

"Orin Pell ni," mo ní. "Fọlákẹ́ gbà á sílẹ̀ lọ́jọ́rú."

Èjìká náà tún le. "Orin Pell kọ́ nìyẹn. Ọmọ yìí ti bà á jẹ́."

"Báwo lo ṣe mọ̀ pé òun kọ́?"

Mo ti sukudíráfà bọ ihò ẹ̀yìn mọ́tò, mo yí i.

Ó rọra ń falẹ̀. Ìyá àgbà kan nínú àwọn akọrin ló kọ́kọ́ gbórí sókè. Lẹ́yìn náà, ètè gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í mì láìjẹ́ pé wọ́n mọ̀. Lẹ́nu ọ̀nà, Fọlákẹ́ la ẹnu, ohùn jáde: "Ẹ ṣílẹ̀kùn, ẹ ṣílẹ̀kùn fún un..." Ó sì fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu ara rẹ̀.

"Jésù!" ìyá àgbà náà ké. "Orin ọ̀gá wa!"

"Orin ọ̀gá yín kẹ̀?" mo ní. "Horace Pell, ará Amẹ́ríkà, ló ṣe orin yìí. Ọkùnrin náà sì ti kú kí ṣọ́ọ̀ṣì yín tó ní òrùlé."

Orin nìkan ló ń lọ. Omijé ń dà lójú Tíṣà, kò nù ún, ó gbé etí ọ̀tún rẹ̀ sí ọ̀nà ẹ̀rọ náà. Mo dìde, mo mú ìdì kọ́kọ́rọ́ Gbóyèga, mo yan èyí tó kéré jù, ti kọ́bọ́ọ̀dù akọrin. Mo kì í bọ àgádágodo Tíṣà. Mo yí i. Ó dún ka, ó ṣí.

Sájẹ́ńtì sọ pé, "Há!"

"Inú páálí kan náà ni wọ́n ti mú àgádágodo méjèèjì, kọ́kọ́rọ́ kan náà ló ń ṣí wọn," mo ní. "Sájẹ́ńtì, ẹ lọ wo kọ́bọ́ọ̀dù akọrin. Bí kò bá tíì fọ́ ọ, abẹ́ aṣọ ló máa wà."

"Ó wà níbẹ̀," Gbóyèga ní. Ohùn rẹ̀ kò jọ tirẹ̀ mọ́. "Mi ò lè fọ́ ọ. Mo gbìyànjú."

"Tíṣà darúkọ Pell fún ọ lọ́jọ́bọ̀."

"Ó kà á fún mi, ó ń rẹ́rìn-ín. Àmúsà, ó dà bí ẹni pé wọ́n ṣí pósí lójú mi. Nígbà tó sùn lọ..." Ó wo Fọlákẹ́. "Mi ò fẹ́ ṣe ọmọ yìí ní ibi. Ilé wọn ló sún mọ́ ọ̀nà tí mo gbà."

"Bí ti àpò mi lọ́dún 1959?"

Ó tẹ orí ba. Orin náà dé òpin, àtẹ́wọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà sì kún pálọ̀. Mo pa ẹ̀rọ náà.

Mo wo Festus. Ó fara ti férémù ilẹ̀kùn, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ọmọ rẹ̀, ó ń wò mí. Mo ní ọ̀rọ̀ kan láti sọ fún un, kò sì tíì jáde. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló jókòó lé e lórí.

"Sọ ọ́," mo wí fún Gbóyèga.

Ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga Tíṣà, ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Apá òsì ló kúnlẹ̀ sí.

"Kí ló wí?" Tíṣà béèrè. "Mi ò gbọ́. Ẹ bá mi sọ fún un kó sọ̀rọ̀ sókè."

Gbóyèga gbé ojú sókè sí mi, bí ẹni pé mo lè bá a sọ ọ́. Mo nàka sí apá ọ̀tún. Ó fi orókún wọ́ yípo àga dé apá ọ̀tún, ó mí kanlẹ̀, ó sì sọ ọ́ bí ọ̀gá akọrin ṣe ń sọ̀rọ̀, débi pé àwọn tó ń kọjá lójú títì dúró:

"Èmi ni mo gbé àwo yẹn, Tíṣà. Agolo abẹ́rẹ́ wà lápò ṣòkòtò mi nígbà tí ẹ ní kí a kó àpò wá. Àpò Àmúsà ló sún mọ́ mi jù, mo jù ú síbẹ̀. Festus kò mọ̀. Àmúsà kò ṣe é. Èmi ni."